Oyún eléwu àti ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé: ohun tí àwọn ará Ìbàdàn máa ń bi wá

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí, Ìbàdàn yìí náà ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn aboyún, àwọn ọkọ wọn àti àwọn ìyá àgbà máa ń bi wá, nígbà mìíràn lórí bẹ́ǹṣì kílíníkì, nígbà mìíràn lórí fóònù láàárín òru. Bí wọ́n ṣe ń béèrè gan-an ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdáhùn mi kò lè rọ́pò dókítà tó ń rí yín lójúkojú, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ kí ẹ tètè dìde lọ bá a.

Nọ́ọ̀sì, wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì mi pé oyún eléwu ni. Ṣé oyún mi ti bàjẹ́ ni?

Rárá o, oyún yín kò bàjẹ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé nǹkan kan wà lára yín tàbí lára ọmọ tó fi yẹ kí ojú wà lára yín ju ti ẹlòmíràn lọ. Ó lè jẹ́ ọjọ́ orí: ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, tàbí ẹni tó ti lé ní 35. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí yín nígbà kan, pé ọmọ kan ti kú sínú rí, tàbí pé ẹ ti bímọ rí kí oṣù tó pé. Ìbejì wà nínú ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà, àìsàn ọkàn, àìsàn kíndìnrín, jẹ́nótáìpù SS, àti olóbì (ibi ọmọ) tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ. Ẹni tó ti bímọ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ náà wà níbẹ̀, nítorí ilé ọmọ tó ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lè kọ̀ láti sún kì lẹ́yìn ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà.

Àmọ́ ẹ fetí sí èyí: ẹni tí kò ní ọ̀kankan nínú wọn lè di eléwu ní oṣù keje tàbí ìkẹjọ. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ ní 2016 pé kí aboyún rí òṣìṣẹ́ ìlera ó kéré tán ìgbà 8 kó tó bímọ, kí márùn-ún nínú rẹ̀ sì wà ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn. Kí èèyàn forúkọ sílẹ̀ ní oṣù kẹta, kó gba káàdì, kó wá di oṣù kẹsàn-án ká tó tún rí i, ìyẹn kì í ṣe ìtọ́jú.

Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, bẹ́ẹ̀ sì ni nǹkan kan ò ṣe mí. Ṣé mo gbọ́dọ̀ dá ara mi láàmú?

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun èèyàn, ibi tó ti ń pa wá nìyẹn. Bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá ti dé 140/90 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, tí purotéènì sì ń jáde nínú ìtọ̀, ohun tí àwọn dókítà ń pè ní pre-eclampsia ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bó bá dé 160/110, ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹ máa wọ ọ́síbítù, kódà bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà Bódìjà dé tí ara yín sì le koko. Ọ̀dọ̀ olóbì ni wàhálà yìí ti ń wá. Àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí olóbì kò gbòòrò tó bó ṣe yẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún. Olóbì tí ẹ̀jẹ̀ kò tó á wá máa tú àwọn nǹkan kan sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, gbogbo iṣan ara á sì máa há. Bó ṣe ń dé kíndìnrín nìyẹn, tó ń dé ẹ̀dọ̀, tó ń dé ojú àti ọpọlọ, tí ọmọ inú náà kò sì ní tóbi tó oṣù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń yẹ ìtọ̀ wò, torí ọ̀pọ̀ rò pé àṣà lásán ni. Ẹ ó tọ̀ sínú ike kékeré. A ó ri bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú rẹ̀, a ó yọ ọ́, a ó dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Àpótí kékeré tó wà fún purotéènì lára bébà yẹn, yẹ́lò ni. Bó bá ti ń yí sí àwọ̀ ewé, purotéènì ń jáde nìyẹn, bí àwọ̀ ewé náà bá sì ṣe kún tó ni purotéènì ṣe pọ̀ tó. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì gba owó púpọ̀. Bí wọ́n bá wọn ìfúnpá yín tí wọn kò béèrè ìtọ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè ìdí. Ẹ sì jókòó fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, nítorí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú Micra tó sáré gun àtẹ̀gùn, ìfúnpá rẹ̀ lè ga lásán.

Ẹ̀fọ́rí tí paracetamol kò ràn, ojú tó ń ṣú tàbí tó ń rí bíi pé iná ń kọ mànà, ìrora lókè ikùn lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, ojú àti ọwọ́ tó wú lójijì: ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó láti gbé yín dé ọ́síbítù lóru. Ẹ má dúró de ọjọ́ kílíníkì.

Oògùn ìfúnpá tí aboyún lè lò wà, bíi methyldopa, nifedipine àti labetalol. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya ti màmá yín lò. Àwọn bíi lisinopril, tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń lò, ń ṣe kíndìnrín ọmọ inú léṣe. Ẹni tí èyí bá ti ṣe nínú oyún kan rí, kó tètè sọ ọ́ bí oyún tuntun bá ti dé, nítorí dókítà lè fún un ní aspirin kékeré láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12, ìyẹn sì máa ń dín in kù. Ẹ má dá a lò fúnra yín.

Gìrì gbé àbúrò mi nígbà tó lóyún, wọ́n sì ní àfọwọ́fà ni. Kí ló yẹ ká ti ṣe?

Bí ìfúnpá bá ga dé ọpọlọ, gìrì ló ń dà. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ dùbúlẹ̀, ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí, ẹ wá ọkọ̀. Ẹ má ti ṣíbí bọ ẹnu rẹ̀, ẹ má ti ìka bọ̀ ọ́, ẹ má sì da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà ṣe burú jù nínú gbogbo rẹ̀: ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ṣúgà tó wálẹ̀ náà sì ń fa gìrì. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn dókítà wa ti ń kọ nípa ìpalára rẹ̀.

Oògùn rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ magnesium sulphate. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe lórí àwọn obìnrin tó lé ní 10,000 ní orílẹ̀-èdè 33, tó jáde ní 2002, fi hàn pé ó ń dín gìrì aboyún kù ju ìdajì lọ. Ilé ìlera alábọ́ọ́dé àdúgbò lè fún un ní àkọ́kọ́ kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́ sí ọ́síbítù ńlá. Ẹ béèrè fún un kí ọkọ̀ tó gbéra.

Ọ́síbítù wo gan-an ní Ìbàdàn ni kí n bímọ sí?

Èyí ni ìbéèrè tó wù mí kí gbogbo aboyún béèrè ní oṣù karùn-ún, kì í ṣe lọ́jọ́ ìrọbí.

UCH, ìyẹn University College Hospital, ni ìparí ọ̀nà fún wa níbí. Ọdún 1957 ni wọ́n ṣí i, àwọn ọ́síbítù yòókù ní ìlú àti ní àyíká ló sì ń fi èyí tó bá le ránṣẹ́ síbẹ̀. Dókítà aboyún, dókítà ọmọ tuntun, yàrá iṣẹ́ abẹ àti ilé ìfẹ̀jẹ̀pamọ́ wà nínú ọgbà kan náà. Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtù, tí kò jìnnà sí UCH, jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ìran lé ìran ni wọ́n sì ti bí níbẹ̀. Ọ́síbítù Kátólíìkì wà ní Òkè-Ọ̀fà, èyí tí a mọ̀ sí Oluyoro, òmíràn sì wà ní Ẹlẹ́tà. Ti aládàáni pọ̀ káàkiri, àwọn kan dára gan-an, àwọn kan sì ní pátákó ju irinṣẹ́ lọ.

Nítorí náà, ẹ má wo àwọ̀ ilé, ẹ béèrè ọ̀rọ̀. Ta ló lè ṣe iṣẹ́ abẹ bí aago méjì òru bá lù? Níbo ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, báwo ni yóò sì ti pẹ́ tó? Bí wọ́n bá mú iná lọ, kí ló ń gbé ẹ̀rọ ọ́síjìn? Bí ọmọ bá jáde tí kò tó kílò kan àbọ̀, ṣé ẹ lè tọ́jú rẹ̀ níbí, àbí ẹ ó gbé e lọ? Ọ́síbítù tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè yẹn. Èyí tó bá ń fi "Ọlọ́run á ṣe é" dá yín lóhùn lórí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, ẹ tún inú rò.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé inú ìyá ni ọkọ̀ tó dára jù fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Ọmọ kílò kan tí wọ́n bí sí Mọ́níyà, tí wọ́n wá fi tówẹ̀lì wé, tí wọ́n ń gbé bọ̀ gba Ọ̀jọ́ọ̀ àti Sàǹgó dé Mọ́kọ́lá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, òtútù á ti mú un, ṣúgà ara rẹ̀ á ti wálẹ̀, èémí rẹ̀ á ti máa já kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bó bá jẹ́ pé inú ìyá rẹ̀ ló wà nígbà tí wọ́n kọjá ní Ọ̀jọ́ọ̀, ara rẹ̀ á gbóná, á sì máa rí ọ́síjìn. Bí dókítà bá sọ pé "ẹ máa lọ sí UCH báyìí", ẹ má ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ bí i ná. Ẹ gba lẹ́tà, ẹ rí i pé wọ́n kọ oògùn tí wọ́n ti fún yín sínú rẹ̀ àti aago tí wọ́n fún yín, kí wọ́n sì pe ibi tí ẹ ń lọ.

Ilé àgbẹ̀bí ìjọ wa ni mo forúkọ sí. Ìyá àgbẹ̀bí ń gbàdúrà fún mi, wọn kì í sì í gba owó púpọ̀.

Ẹ má fi àdúrà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbẹ̀bí ni mo mọ̀ tó ní sùúrù ju àwa nọ́ọ̀sì kan lọ, tó ń pe obìnrin ní orúkọ, tó ń fọwọ́ rà á lẹ́yìn nígbà ìrọbí, ó sì yẹ kí àwa náà kọ́ ìyẹn. Àmọ́ kò sí yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́dọ̀ wọn, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sì sí ọ́síjìn fún ọmọ. Bí oyún yín bá wà nínú àwọn tí mo dárúkọ lókè, ẹ lọ fún àdúrà lọ́dọ̀ wọn, kí ẹ sì bímọ sí ọ́síbítù. Bí ìyá náà bá fẹ́ bá yín wá, ẹ jẹ́ kó wá. A nífẹ̀ẹ́ kí aboyún ní ẹni tó fọkàn tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni. Ìyá ọkọ mi ní obìnrin gidi a máa bí fúnra rẹ̀.

Mo gbọ́ èyí lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì máa ń dùn mí, nítorí ẹni tí wọ́n bá sọ ọ́ fún a máa fi wákàtí ṣòfò lórí ìtìjú. Olóbì tó bo ẹnu ọ̀nà kò ní jẹ́ kí ọmọ kọjá láìsí pé ẹ̀jẹ̀ ìyá dà tán. Ọmọ tó dábùú kò ní ọ̀nà. Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀ kò lè dúró de ìpàdé ẹbí. Ẹ bi dókítà léèrè ìdí, ẹ ní kó ṣàlàyé rẹ̀ fún ọkọ yín àti màmá ní Yorùbá, kí ẹ sì fọwọ́ sí ìwé ní kíá bí ìdí náà bá wà. A ti rí ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ lẹ́ẹ̀kan tó sì bí èkejì fúnra rẹ̀. Ìyẹn ṣeé ṣe, ọ́síbítù tó lè yára ṣe iṣẹ́ abẹ nìkan ni ká ti gbìyànjú rẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń bèèrè ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ mi kí n tó rọbí?

Torí pé ẹ̀jẹ̀ kò ṣeé rà ní ọjà Àgbẹni. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lẹ́yìn ìbímọ lè lọ láàárín wákàtí díẹ̀, èyí tí àwọn ẹbí sì máa fi ọkọ̀ wá kiri kì í bá a mọ́. Ẹni tó ṣetán láti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kó lọ kí ọjọ́ tó pé. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò fún HIV, mẹ́dọ̀wú àti àwọn àrùn mìíràn kí wọ́n tó lò ó.

Níbi ẹ̀jẹ̀ kan náà: ẹ mọ irú ẹ̀jẹ̀ yín. Bí àmì òdì bá wà nídìí rẹ̀, bíi O negative, tí ti ọmọ sì jẹ́ positive, ara yín lè kọ́ láti máa gbógun ti ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń dènà rẹ̀, anti-D lorúkọ rẹ̀, láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìbímọ ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ gún un. Bí oyún bá bàjẹ́ náà, ẹ bi wọ́n nípa rẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà wọ́n, nítorí náà ẹ ti máa fi owó rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan láti oṣù karùn-ún.

Ìbejì ni mo rí nínú síkáànì. Ṣé ìyẹn náà jẹ́ ewu? Ṣebí ìdùnnú ni.

Ìdùnnú ni, ẹ kú oríire. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń bí ìbejì tó ilẹ̀ wa: nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Nylander ṣe ìwádìí ní Igbó-Ọrà ní àwọn ọdún 1960, ìbejì tó 45 nínú ìbímọ 1000. Ṣùgbọ́n wọn kì í sábà pé oṣù, ẹ̀jẹ̀ ìyá máa ń tètè ru, ilé ọmọ tó fẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì máa ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ ṣe síkáànì ní kùtùkùtù kí wọ́n lè mọ̀ bóyá olóbì kan ni wọ́n jọ ń pín. Bó bá jẹ́ ọ̀kan, a ó máa rí yín léraléra.

Omi mi dà ní oṣù keje. Mo fi páàdì sí i, mo dùbúlẹ̀. Ṣé kí n dúró kó dá?

Ẹ má dúró. Ẹ wá lónìí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fọwọ́ yẹ̀ yín wò lábẹ́ léraléra, nítorí ọ̀nà tí kòkòrò ń gbà wọlé nìyẹn. Ní ọ́síbítù, wọ́n á fún yín ní oògùn tí kòkòrò kò fi ní wọlé, àti abẹ́rẹ́ dexamethasone tàbí betamethasone, tí àwọn aboyún ń pè ní abẹ́rẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 34, ó ń mú kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tètè gbó. Ìwádìí tó jáde ní 2020, tí Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè márùn-ún tí wọ́n ti ṣe é, fi hàn pé ó ń gba ẹ̀mí ọmọ là ní irú ọ́síbítù tiwa náà. Ó máa ń gbà tó ọjọ́ kan sí méjì kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa, ìdí nìyẹn tí wákàtí tí ẹ fi dùbúlẹ̀ nílé fi ń ṣe ọmọ léṣe.

Ṣé òótọ́ ni pé ọmọ oṣù méje máa ń yè, àmọ́ ti oṣù mẹ́jọ kì í yè?

Kì í ṣe òótọ́. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ọmọ bá fi kún inú ìyá rẹ̀ ń fi kún agbára rẹ̀. Ọmọ oṣù mẹ́jọ sàn ju ti oṣù méje lọ.

Kí ni wọ́n ń ṣe fún ọmọ mi nínú yàrá tí wọn kì í jẹ́ ká wọ̀ yẹn?

Ohun mẹ́ta ló pọ̀ jù: ooru, èémí, oúnjẹ. Ọmọ kékeré kò ní ọ̀rá lábẹ́ awọ, kò lè mú ara rẹ̀ gbóná, a sì fẹ́ kí ooru ara rẹ̀ wà láàárín 36.5°C àti 37.5°C. Ẹ̀dọ̀fóró tí kò gbó kò ní ohun tó ń jẹ́ kí àwọn àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣí, nítorí náà wọ́n á ti imú fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ lè rí ọ̀pá rẹ̀ tí ẹnu kan wà nínú ìgò omi, tí omi ń hó. Híhó yẹn dára, kò túmọ̀ sí pé nǹkan ti bàjẹ́. Wọn kì í fẹ́ ọ́síjìn tó pọ̀ jù sí i, nítorí ó lè ba ojú rẹ̀ jẹ́.

Ní ti pé wọn kò jẹ́ kí ẹ wọlé, ìyá kì í ṣe àlejò. Ẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, ẹ bọ́ òrùka àti aago, ẹ bi nọ́ọ̀sì ní aago tí ẹ lè wọlé. Ẹ̀gbọ́n, ìyá ìjọ àti àwọn aládùúgbò ni kó dúró síta.

Wọ́n ní kí n máa gbé e sáyà dípò inkubétọ̀. Ṣé ẹ̀rọ ò sí ni?

Àìtó ẹ̀rọ ló bí i lóòótọ́, ní Bogotá ní Kòlóńbíà, ní ìparí àwọn ọdún 1970. Àmọ́ ohun tí wọ́n rí ni pé ó dára fún ọmọ. Ní 2021, ìwádìí kan tó wáyé ní ọ́síbítù márùn-ún, tí ti Ilé-Ifẹ̀ wà lára wọn, fi hàn pé bí wọ́n bá gbé ọmọ tó wà láàárín kílò kan sí kílò 1.8 sáyà ìyá láti ìgbà tí wọ́n bá ti bí i, ikú ń dín ní ìdá mẹ́rin kan. Kò sí oògùn púpọ̀ tí mo mọ̀ tó lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ bọ́ bùláòsì àti bíréèsì. Ọmọ á wà láìwọṣọ, àfi nápkìn, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀. Ẹ gbé e lóòró sáàárín ọyàn méjèèjì, àyà rẹ̀ lé àyà yín, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ká sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ yí orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí àgbọ̀n rẹ̀ gbéra díẹ̀. Bí àgbọ̀n bá wọ àyà, èémí á dí. Ẹ wá mú ọ̀já. Etí rẹ̀ lókè á dé abẹ́ etí ọmọ, á le ní àyà, á dẹ̀ díẹ̀ ní ikùn kó lè mí. Ẹ dìde, ẹ tẹ̀ ba: bí kò bá yọ̀, ó dára. Ẹ so ẹ̀wù mọ́ra lókè rẹ̀. Bí ẹ ó ṣe máa rìn, jẹun, sùn ní ìfẹ̀yìntì nìyẹn, ó kéré tán wákàtí 8 lóòjọ́, bó bá sì ṣeé ṣe, tọ̀sán-tòru. Bí ó bá rẹ̀ yín, kí bàbá ọmọ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Àyà bàbá náà gbóná.

Omi ọyàn mi kò ju ìkán díẹ̀ lọ, ọmọ náà kò sì lè fà á.

Ìkán díẹ̀ yẹn ló nílò. Ikùn rẹ̀ kéré, mìlílítà kan tàbí méjì lè jẹ́ oúnjẹ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣáájú nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 34, ọmọ kò lè fa ọyàn, kó gbé e mì, kó sì mí lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí a fi ń gba ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ fún un lóúnjẹ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ fún ọyàn láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ lóòjọ́, tòru mọ́ ọ. Èyí tó kọ́kọ́ jáde, tó pọ́n bí wúrà, ẹ má dà á nù. Mílíìkì agolo lè dá ìfun ọmọ kékeré lóró. Omi ọyàn ń dáàbò bò ó.

Ojú ọmọ mi pọ́n. Wọ́n ní kí n máa gbé e sínú oòrùn àárọ̀, kí n fún un ní omi ṣúgà.

Ẹ dákun, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ibà pọ́njú wọ́pọ̀ lára ọmọ tuntun, ọ̀pọ̀ ló sì ń lọ fúnra rẹ̀, àmọ́ èyí tó bá pọ̀ jù ń wọ ọpọlọ lọ, ohun tó bá bàjẹ́ níbẹ̀ kì í tún ṣe mọ́: ọmọ á di adití, ọrùn rẹ̀ kò ní dúró, kò ní lè jókòó. Mo ti rí irú àwọn ọmọ yẹn lẹ́yìn ọdún méjì, tí ìyá wọn ṣì ń pọ̀n wọ́n. Oòrùn ojú wíńdò kò lágbára tó, kò sì sí ẹni tó lè wọ̀n ọ́n. Omi ṣúgà, omi ìbẹ́pẹ àti oògùn ìkán tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì kò mú un lọ. Wọ́n kàn ń gba àyè omi ọyàn ni.

Bí ọmọ bá pọ́n kí wákàtí 24 tó pé lẹ́yìn ìbí rẹ̀, ẹ máa bọ̀ lóru. Bí àtẹ́lẹwọ́ tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti ń pọ́n, ẹ máa bọ̀. Bó bá ń sùn jù, tó kọ ọyàn, tí igbe rẹ̀ ń han, tó ń tẹ̀ sẹ́yìn, ẹ má dúró wẹ̀. Ọ̀sán gangan ni kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ fi ìka tẹ imú tàbí erìgì rẹ̀, ẹ wo àwọ̀ tó bá jáde. Ní ọ́síbítù, a ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, a ó tẹ́ ẹ sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù. Bó bá pọ̀ jù, a ó pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ìyá àgbà gbọ́dọ̀ gbọ́: kò sí kafúrà nínú aṣọ ọmọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa, ọkùnrin pàápàá, ni ara wọn kò ní G6PD tó, ohun tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀. Òórùn kafúrà nìkan lè mú kí ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa wó, kó sì pọ́n láàárín ọjọ́ kan. Àwọn aṣọ tí wọ́n ti ń fi kafúrà pamọ́ láti ìgbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ sá wọn sóòrùn kí ẹ tó wọ̀ wọ́n fún un.

Ọjọ́ kẹjọ pé lọ́la, ọmọ ṣì wà ní wọ́ọ̀dù. Ṣé ká sọ ọ́ lórúkọ?

Ẹ sọ ọ́. Ẹ ṣe é nílé pẹ̀lú àwọn àgbà, kí ìyá àti bàbá wá sọ orúkọ náà sí i létí ní wọ́ọ̀dù. Ẹ pe oríkì rẹ̀ náà. Ọmọ mọ ohùn ìyá rẹ̀ kó tó wáyé. Oyin, iyọ̀, omi àti ataare, àwọn òbí ni kó tọ́ ọ wò. Kí ọ̀kankan má kan ẹnu ọmọ.

Owó ńkọ́?

Ó ń wọ́n, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tan yín. Bí oyún bá ti dúró, ẹ wọ ètò ìlera adójútòfò ti ìpínlẹ̀ wa, OYSHIA, ẹ béèrè ohun tí ó bò àti ọ́síbítù tó ń gbà á. Ní oṣù kọkànlá 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn obìnrin tí kò ní lọ́wọ́ á máa rí iṣẹ́ abẹ ìbímọ pàjáwìrì gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ bi ọ́síbítù yín bóyá ó wà níbẹ̀. Ọ́síbítù ńlá ní òṣìṣẹ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí owó ká mọ́. Ẹ lọ bá wọn kí gbèsè tó kójọ, ẹ má sì gbé ọmọ sá.

Wọ́n ti ní ká máa lọ sílé. Kí ni mo gbọ́dọ̀ ṣọ́?

Ẹ máa gbé e sáyà lọ. Kò sí ìwẹ̀ gbígbóná pẹ̀lú nínà àti jíju ọmọ sókè. Ẹ fi aṣọ tí ẹ rì bọ omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ nu ún ní kíá, ẹ nù ún gbẹ, ẹ gbé e padà. Ìwọ́ rẹ̀, chlorhexidine tí wọ́n fún yín nìkan ni: kò sí máklín, kò sí ròòbù, kò sí omi gbígbóná.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọjọ́ tí wọ́n bí i ni wọ́n fi ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tó yẹ kó wáyé. Àmọ́ dókítà lè ní kí BCG dúró kó wúwo díẹ̀. Bí wọ́n bá bí i kó tó pé ọ̀sẹ̀ 32, tàbí tí kò tó kílò kan àbọ̀, dókítà ojú gbọ́dọ̀ rí i ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìbí. Ojú náà kì í pọ́n, kì í ṣepin, bẹ́ẹ̀ ni ó lè máa fọ́ lọ. Ẹ ní kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò pẹ̀lú.

Bó bá kọ ọyàn lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, tó ń mí ju ìgbà 60 lọ ní ìṣẹ́jú kan, tí àyà rẹ̀ ń wọlé bó ṣe ń mí, tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tó tutù, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tàbí tí ìdí ìwọ́ rẹ̀ pupa, ẹ gbé e sáyà, ẹ wọ ọkọ̀. Ẹ mú káàdì rẹ̀ dání, kí ẹ sì sọ fún ẹni tí ẹ bá kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà pé ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ni, kí wọ́n má bàa tò yín sórí ìlà.